Rélùwéè dé Múṣin, ó dé Yábàá: ta ló wá ni ibi tó kù?

Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Múṣin kò ní gbàgbé bí ojú-irin ibẹ̀ ṣe rí tẹ́lẹ̀. Orí irin gan-an lọjà wà. Ẹni tó ń ta tòmátì tẹ́ tiẹ̀ síbẹ̀, ẹni tó ń ta òkìrìkà náà tẹ́ tiẹ̀, bí rélùwéè bá sì ti fọn fèrè láti ọ̀nà Òṣòdì, kálukú á gbé igbá kúrò, ọkọ̀ á rọra kọjá bíi bàbá arúgbó tó ń gba àárín àwọn ọmọdé kọjá, kó tó lọ tán, igbá ti padà sórí irin. Àwa tá a mọ ibẹ̀ nígbà yẹn, a kì í bẹ̀rù rélùwéè. Àwọn tó jókòó sórí òrùlé ẹ̀ ló ń bẹ̀rù kórí wọn má lọ gbá bíríìjì.

Ẹ wá wo ibẹ̀ báyìí. Wọ́n ti mọ odi há irin náà mọ́, bíríìjì tí mọ́tò ń gbà kọjá ti wà lókè, ibùdókọ̀ ńlá sì ti dúró síbẹ̀. Ọ̀kan lára ibùdó 8 tí rélùwéè tí wọ́n ń pè ní Red Line ti máa ń gbé èrò ni: Agbádó, Ìjú, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Múṣin, Yábàá, títí dé Ọ̀yìngbò, kìlómítà 27. Ọjọ́ 29, oṣù kejì, ọdún 2024, ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú wá ṣí i, ọjọ́ 15, oṣù kẹwàá, ọdún náà ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Ẹ má bi mí léèrè ohun tó ń ṣe láàárín oṣù méje àbọ̀ yẹn. Èkó ni.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń taṣọ lọ́jà Ojúwòyè ni mo ti ń bọ̀ lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, Sùúrùlérè ni mo sì ń lọ. Ẹni tó bá gbọ́n, dánfó tààrà ló yẹ kó wọ̀, kó gba Ìdí-Orò já sí Ojúẹlẹ́gba, kó sì lọ jẹun ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní rárá o, rélùwéè tuntun yìí ni mo fẹ́ wọ̀, màá sọ̀ ní Yábàá, màá wá ọ̀nà dé Sùúrùlérè láti ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àbúrò mi, o fẹ́ yí Èkó po torí kó o lè fọwọ́ kan ẹ̀rọ.” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ náà ni, ẹ̀gbọ́n mi.” Ó bù mí ní ẹ̀pà dání, bíi pé ọ̀nà jíjìn ni mò ń lọ.

Ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Kò sí kọ́ńdọ́ tó ń pariwo, kò sẹ́ni tó fà mí láṣọ. Ẹ ò lè na owó sí ẹnikẹ́ni pé kó jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé. Káàdì lẹ máa fi kan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á ké, ilẹ̀kùn á ṣí. Cowry ni wọ́n pe káàdì náà, ìyẹn owó ẹyọ. Mo ní ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yìí gbọ́n o. Ṣé ẹ mọ̀ pé inú owó ẹyọ la ti rí ọ̀pọ̀ nínú bá a ṣe ń ka owó? Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sí okùn kan, àádọ́ta okùn ló ń jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ló sì wà nínú ọ̀kẹ́ kan. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé owó ẹyọ ti àwọn bàbá wa, gbogbo ọjà ló gbà á, láti ọ̀dọ̀ ẹlẹ́kọ títí dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Èyí tó wà nínú káàdì yìí, ibi tí ẹ̀rọ ẹ̀ bá wà nìkan lẹ ti lè ná an. Ó ń ṣiṣẹ́ nínú rélùwéè, ó ń ṣiṣẹ́ nínú bọ́ọ̀sì BRT, ó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ìjọba. Tẹ́ ẹ bá kúrò níbẹ̀, ike lásán ni.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dùn, ẹ fara balẹ̀. Tẹ́ ẹ bá béèrè lọ́wọ́ èrò inú rélùwéè pé ta ló ni ọkọ̀ yìí, wọ́n á ní ìjọba ni. Ìjọba wo? Irin tó ń gbà, ìjọba àpapọ̀ ló ní kí wọ́n ṣe é, òun ni wọ́n ń gbà lọ sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 10, oṣù kẹfà, ọdún 2021. Iléeṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n ń pè ní CCECC ló ṣe é. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ló ni àwọn ibùdókọ̀, àjọ wọn tó ń jẹ́ LAMATA ló sì ń bójú tó gbogbo ẹ̀. Káàdì ńkọ́? LAMATA ló ni ètò ẹ̀, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ aládàáni kan, Touch and Pay, ló ṣe ẹ̀rọ tó ń kà á. Ọkọ̀ kan, olówó mẹ́rin. Torí pé ọ̀nà kan náà ni Red Line àti rélùwéè Ìbàdàn jọ ń gbà, Èkó kò kàn lè tú ọkọ̀ síta bó ṣe wù ú, wọ́n gbọ́dọ̀ jọ fètò sí i ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba ìrìn-àjò díẹ̀ ló ń rìn lójúmọ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ dé, mo wọlé, mo jókòó. Àga ẹ̀ dùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ọkọ̀ náà fún yín, torí kò sí ìyàwó tó rí irú ẹ̀ rí. Iléeṣẹ́ Talgo ló kàn án nílùú Milwaukee, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìjọba Wisconsin ló ní kí wọ́n bá òun ṣe é lọ́dún 2009. Kó tó parí, ìbò ọdún 2010 gbé gómìnà tuntun wọlé, Scott Walker, ìyẹn sì ní òun ò fẹ́ ètò rélùwéè tí ẹni tó ṣáájú òun bẹ̀rẹ̀. Wọ́n parí ọkọ̀ náà, ó dúró síbẹ̀ ní tuntun, kò rí èrò gbé, bíi ìyàwó tí wọ́n ti san owó orí ẹ̀ tán kí ìdílé ọkọ tó ní àwọn ò ṣe mọ́. Oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2022, ni Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú lọ bá wọn níbẹ̀, ó sì rà á fún Èkó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà díẹ̀, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí àwa náà, tiwa tilẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lateef Jákàńdè, tó ṣe gómìnà Èkó láti 1979 sí 1983, ti bẹ̀rẹ̀ ètò rélùwéè ìgboro tiẹ̀, Metroline, ó ti tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú àwọn òyìnbó. Ológun gbàjọba ní ìparí ọdún 1983. Lọ́dún 1985, ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari ní kí wọ́n da ètò náà nù. Owó tí Èkó pàdánù sórí ẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò rí táyà kan, kí n tó wá sọ ti irin. Ayé wá yí. Buhari yìí kan náà, tó ti di ààrẹ alágbádá, ló wá sí Èkó ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2023, tó wá ṣí Blue Line, rélùwéè oníná mànàmáná tó ń ti Marina lọ sí Mile 2. Ó gé rìbọ́ọ̀nù, ó rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Jákàńdè ò sí níbẹ̀. Ó ti kú ní oṣù kejì, ọdún 2021. Mi ò mọ ohun tí bàbá yẹn ì bá sọ, àmọ́ ó wù mí kó wà níjòókòó lọ́jọ́ náà, kí n kàn wo ojú ẹ̀.

Blue Line yìí náà ní tiẹ̀. Nígbà ayé Fáṣọlá, ètò tí wọ́n ṣe ni pé ìjọba á ṣe irin, aládàáni á ra ọkọ̀, á máa wà á, á máa gbowó. Lọ́dún 2011, wọ́n kéde pé ọkọ̀ àlòkù tí àwọn ará Toronto ní Kánádà ti lò ni wọ́n máa tún ṣe kó wọlé. A dúró títí. Ọkọ̀ tí wọ́n kàn ní Dalian, ní Ṣáínà, ló padà wá ń gbé èrò, nígbà tí iṣẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 2023. Ohun témi rí nínú ẹ̀ ni pé aládàáni kì í ṣe wèrè. Irin ń jẹ owó, odi ń jẹ owó, bíríìjì ń jẹ owó, ilé tí wọ́n ń wó ń jẹ owó. Ẹnu ọ̀nà, níbi tí èrò ti ń fi káàdì kan ẹ̀rọ, ibẹ̀ lowó ti ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìjọba ló gbé eyín erin, aládàáni ló dúró sẹ́nu géètì.

Kí n tó parí ẹ̀pà ọwọ́ mi, a ti dé Yábàá. Àṣé bó ṣe yá tó nìyẹn! Ọ̀nà tí dánfó á fi bú èèyàn ní ogún èébú, tí yóò fi dúró ní gbogbo kọ̀rọ̀, ojú ò ní í tíì wọ̀ láti fi sùn tí rélùwéè á ti gbé yín dé. Tẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́ lágbègbè Èbúté-Mẹ́ta, tílé yín sì wà ní Agége, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín, ọkọ̀ yìí dáa. Mo sọ bẹ́ẹ̀ torí pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí ìjọba bá ṣe nǹkan tó dáa, inú wọn kì í dùn.

Ṣùgbọ́n kí ni mo bá ní ìsàlẹ̀ ibùdó náà? Yábàá ni o, ìlú àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà. Yábàá Tẹ́ẹ̀kì ti wà níbẹ̀ láti 1947, Yunifásítì Èkó ò jìnnà. Ní Sábó, lójú ọ̀nà Herbert Macaulay, ni CcHub ṣílé sí lọ́dún 2011, tí àwọn ọmọ tó gbọ́n bíi àdán ń pàdé níbẹ̀, tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà wá iṣẹ́ fún ara wọn. Látìgbà náà ni àwọn òyìnbó olówó ti ń wá wo Yábàá. Bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá sọ̀kalẹ̀ láti inú rélùwéè olówó iyebíye, tẹ́ ẹ fẹ́ dé Tẹ́júoṣó, tàbí Ojúẹlẹ́gba, tàbí Àdéníran Ògúnsànyà, dánfó onílà dúdú lára ọ̀dà yẹ́lò ló ń dúró dè yín, kọ́ńdọ́ ẹ̀ sì ń pariwo: “Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣénjì yín o! Mi ò ní ṣénjì o!”

Mo lọ bá dírẹ́bà kan tó ń dúró kí ọkọ̀ ẹ̀ kún. Mo na káàdì sí i, mo ń ṣàwàdà ni. Mo ní, “Ọ̀gá awakọ̀, ṣé ẹ̀ ń gba eléyìí?” Ó wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́. Tí mo bá gba káàdì, kí ni màá fún agbèrò? Ṣé agbèrò ní ẹ̀rọ ni?”

Mo dúró síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo ti ka oríṣiríṣi nǹkan nípa káàdì yìí, kò sẹ́ni tó là á yé mi tó báyìí. Dírẹ́bà yẹn ní láti fún ọlọ́kọ̀ ní owó ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, yálà èrò wà tàbí kò sí. Ó máa ra epo, tó ti gbówó lórí láti ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí Tinúbú ti sọ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Ó tún máa ná owó fún àwọn ọmọkùnrin tó ń gbá ara ọkọ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan. Owó ọwọ́ ni gbogbo ìyẹn. Ní ọdún 2022, ìjọba Èkó àti àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ ti jọ fẹnu kò pé náírà 800 ni dírẹ́bà á máa san lójúmọ́, pé ó parí síbẹ̀. Kò parí síbẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún yẹn, ẹgbẹ́ àwọn dírẹ́bà kan daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní ọjọ́ méje làwọn máa fi jókòó sílé torí owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn níbi gbogbo. Èrò fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́.

Ẹni tí owó ẹ̀ bá wà nínú káàdì, ìwé wà tó ń sọ iye tó wọlé àti ibi tó gbà. Ẹni tí owó ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ kọ́ńdọ́, afẹ́fẹ́ ló mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń jẹ nínú afẹ́fẹ́ ò ní fẹ́ káàdì láéláé. Ṣùgbọ́n dírẹ́bà ńkọ́? Témi ni pé dírẹ́bà gan-an ni ì bá jàǹfààní jù, bí ẹnì kan bá bá a jókòó tó bá a ṣírò ẹ̀.

Kò sì kọjá agbára wa, torí a ti ṣe é rí. Tẹ́ ẹ bá dúró ní Stadium ní Sùúrùlérè, tẹ́ ẹ kọjú sí Western Avenue, ẹ máa rí ọ̀nà tí wọ́n là fún BRT nìkan. Ọjọ́ 17, oṣù kẹta, ọdún 2008, ni ọkọ̀ BRT àkọ́kọ́ rìn níbẹ̀, láti Mile 12 títí dé CMS, kìlómítà 22. Ta ló ń wà á? Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ onímọ́tò, NURTW, ni o. LAMATA bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, wọ́n fi owó tí wọ́n yá ní báńkì gba bọ́ọ̀sì 100. Àwọn tí gbogbo ayé ń pè ní jàǹdùkú wọ yunifọ́ọ̀mù, wọ́n ń gé tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń dúró níbi tó yẹ kí wọ́n dúró. Kò pé o, bọ́ọ̀sì náà gbó, iléeṣẹ́ aládàáni míì, Primero, gba iṣẹ́ náà lọ́dún 2015. Ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀, ó sì ṣojú wa.

Ẹ wá fi wé bí wọ́n ṣe ṣe ọlọ́kadà. Nǹkan bí ọdún 2018 sí 2019, àwọn aládàáni tú owó jáde: Gokada, Max, ORide. Ẹ tẹ fóònù, ọkadà á dé, akoto á wà fún yín, wọ́n mọ orúkọ ẹni tó gbé yín. Ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kejì, ọdún 2020, ìjọba ní kò sí ọkadà mọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Lagos Mainland àti Sùúrùlérè wà níbẹ̀. Wọ́n tún fi agídí tẹ òfin náà mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹfà, ọdún 2022, nígbà tó sì di oṣù kẹsàn-án, Múṣin wọ inú ẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, ọkadà pa èèyàn. Ẹ lọ béèrè lọ́dọ̀ àwọn dókítà eegun ní Ìgbóbì. Ṣùgbọ́n òfin náà ò ya ẹni tó ní akoto àti ìwé sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ti mu ọtí yó láti àárọ̀. Ẹyọ ọ̀bẹ kan náà ni wọ́n fi gé gbogbo wọn. Ìjọba gbé bọ́ọ̀sì kéékèèké jáde lọ́dún 2021 pé kó máa gbé èèyàn láti àdúgbò dé ojú títì. Àwa tá a ń gbé ní kọ̀rọ̀ ìlú mọ iye ìgbà tá a rí i.

Ọkọ̀ ti kún. Mo bọ́ sínú dánfó, wọ́n fún mi mọ́ àárín obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n àti ọkùnrin kan tó ń fi fóònù wo bọ́ọ̀lù. A gba Tẹ́júoṣó, sún kẹrẹ fà kẹrẹ. Mo ń ronú sí i pé Sùúrùlérè yìí, pẹ̀lú gbogbo orúkọ ẹ̀, rélùwéè kò tíì dé àárín ẹ̀. Blue Line kàn fẹ̀gbẹ́ gbá a ní Ìgànmú, Red Line gba ẹ̀yìnkùlé ẹ̀ kọjá sí Ọ̀yìngbò. Wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣe sùúrù.

A dé Ojúẹlẹ́gba. Orúkọ ibẹ̀ ti sọ tiẹ̀ tán: ojúbọ Ẹlẹ́gba ló wà níbẹ̀ látijọ́, Ẹlẹ́gba sì ni Èṣù, onílé oríta. Àwọn àgbà kì í fún òrìṣà kankan ní nǹkan kí wọ́n má kọ́kọ́ fún un ní tiẹ̀. Ọkọ̀ wa ò tíì dúró dáadáa tí ọmọkùnrin kan fi so mọ́ ilẹ̀kùn, tó na ọwọ́ sí dírẹ́bà. Dírẹ́bà bú u, ó sì fún un lówó. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó ké.

Kọ́ńdọ́ yíjú sí èmi àti obìnrin ọlọ́mọ yẹn. Ó fún wa ní ẹyọ 500 kan, ó ní, “Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ lọ pín in,” ọkọ̀ sì ti gbéra. Àwa méjì tá ò mọ ara wa rí dúró lábẹ́ bíríìjì, à ń wá ẹni tó máa bá wa ṣẹ́ owó. Ọlọ́kọ̀ọ̀kan ní òun ò ní. Obìnrin náà ní, “Ẹ jẹ́ ká ra omi, sà.” A ra púrẹ̀ wọ́tà méjì, ọmọ tó ń tà á tú owó kéékèèké sílẹ̀ láti inú ìdí ìró ẹ̀, a pín in. Bí mo ṣe ń tọwọ́ bọ àpò láti fi tèmi sí i, ike pẹlẹbẹ yẹn ni ọwọ́ mi kọ́kọ́ bà, pẹ̀lú gbogbo owó tí mo kó sínú ẹ̀ ní Múṣin.